Orúkọ àti Ọrúkọ: Ẹ̀rí Ẹnu Ará Èkìtì nínú Ìtàn Èdè Yorùbá

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjurìn-Èkìtì, tàbí ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ́ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "ọrúkọ mi ni Adé". Olùkọ́ yóò fagi lé "ọ" tí ó ṣáájú, yóò sì fi "o" rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ náà bá tún kọ "ulé bàbá mi", olùkọ́ yóò sọ "ulé" di "ilé". Ní ti ìdánwò, olùkọ́ kò ṣẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè, "orúkọ" àti "ilé" ni Yorùbá àjùmọ̀lò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó jinlẹ̀ ju ti ìdánwò lọ. Nínú ẹni tí ń sọ "orúkọ" àti ẹni tí ń sọ "ọrúkọ", ta ni ó yẹsẹ̀ kúrò lójú ipa àwọn baba ńlá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dáhùn láìwádìí. Wọ́n ní ará oko ni ó ba èdè jẹ́. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, ẹnu ará Èkìtì ni ẹ̀rí fi hàn pé ó súnmọ́ ti àtijọ́ jù.

Èdè kì í dúró sójú kan

Kò sí èdè alààyè kan tí ó wà lónìí bí ó ti wà ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní tí ó bá mú ìwé tí àwọn baba rẹ̀ kọ ṣáájú ọdún 1066 lọ́wọ́, àfi kí ó kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì kí ó tó lè kà á. Yorùbá náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì àtijọ́ yóò bá "aiye", "ẹiyẹ" àti "enia" pàdé níbi tí a ti ń kọ "ayé", "ẹyẹ" àti "ènìyàn" lóde òní, ní ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níbí. Ìyípadà àkọtọ́ kì í ṣe ìyípadà èdè. Ìgbìmọ̀ lè jókòó ní ọjọ́ kan kí ó yí bí a ti ń kọ̀wé padà. Ìyípadà ti ẹnu kò ní ìgbìmọ̀, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn tí ó sì ń ṣe é kì í sábà mọ̀ pé àwọn ń ṣe é.

Báwo ni a ṣe wá lè mọ bí ẹnu ti rí kí ìwé tó dé? Àwọn àkọsílẹ̀ tí a tẹ̀ ní lẹ́tà Róòmù kò pẹ́ púpọ̀. T. E. Bowdich tẹ òǹkà Yorùbá díẹ̀ jáde ní 1819 nínú ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Àṣáńtì. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí a ti ń sọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò-ẹrú kalẹ̀, ni Hannah Kilham ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1828 jọ, John Raban sì tẹ̀ lé e láàárín 1830 àti 1832. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ti Samuel Àjàyí Crowther jáde ní 1843. Ní 1854, ọmọ Jámánì kan, S. W. Koelle, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Polyglotta Africana. Ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tí ó súnmọ́ 300 ni ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó ń sọ èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ní Freetown. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òǹdó àti Ìjẹ̀ṣà tí í ṣe alámùúlégbè Èkìtì wà lára àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Ìwé yìí níye lórí gidigidi, nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Yorùbá ti pín sí ẹ̀ka-èdè tí ó ṣeé yà sọ́tọ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ìwé wọ̀nyí kò ju nǹkan bí igba ọdún lọ, ìtàn èdè Yorùbá sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Níbi tí ìwé bá pin sí, ẹnu àwọn alààyè ni ó kù láti yẹ̀ wò.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà ṣe é

Ní 1786, ní Kàlìkọ́tà ní ilẹ̀ Íńdíà, adájọ́ kan tí ń jẹ́ William Jones kéde pé Sáńsíkírítì, Gíríìkì àti Látìn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jẹ́ èèṣì. Ó ní láti jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá, bí orísun náà kò bá tilẹ̀ sí mọ́. Ní 1822, Jacob Grimm, ọmọ Jámánì, fi hàn pé ìyípadà ìró ní ètò. "Baba" ni Látìn ń pè ní pater, Gẹ̀ẹ́sì pè é ní father. Ẹja jẹ́ piscis ní Látìn, ó jẹ́ fish ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí p bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú èkínní, f ni a óò bá nínú èkejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni ó ń jẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn èdè ti ní ìlànà. Yóò kó ọ̀rọ̀ kan náà jọ láti inú ẹ̀ka-èdè púpọ̀. Yóò yan àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí ìran tí kò ní wọn: orí, ojú, omi, iná, ikú. Yóò yọ àwọn ọ̀rọ̀ àyálò kúrò, nítorí pé "àlùbọ́sà", tí ó ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá gba ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè sọ nǹkan kan fún wa nípa àwọn baba ńlá Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ibi tí ìró kan ti ń pàdé òmíràn léraléra, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé nínú ìró méjèèjì, èwo ni ó lè bí èkejì? Bí ìbátan méjì tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pínyà, tí wọn kò sì pààlà, bá jọ ní ohun kan náà, ó rọrùn láti gbà pé ogún ni wọ́n jẹ ẹ́, ju pé olúkúlùkù wọn ṣẹ̀dá rẹ̀ lọ́tọ̀ lọ.

Ọ̀ràn "ulé"

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlànà yìí wo "ilé" àti "ulé". Ní Èkìtì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi "i" bẹ̀rẹ̀ ni a ń fi "u" bẹ̀rẹ̀: ulé, ùlú, ugbá, uná, àti uṣu tí àwọn mìíràn ń pè ní usu. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "u". A, e, ẹ, i, o àti ọ, gbogbo wọn ni ó lè ṣíwájú ọ̀rọ̀. "U" nìkan ni a tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ máa ń mú onímọ̀ fura pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí tí ó ti sọnù.

Ẹ̀rí kejì ti òkèèrè wá. Èdè Ígálà, tí a ń sọ ní ìhà ìlà-oòrùn odò Ọya, jẹ́ ìbátan Yorùbá tí ó ti pínyà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti pẹ́ gan-an. Ígálà kò bá Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n pààlà. Síbẹ̀ "uchu" ni Ígálà ń pe iṣu, "una" ni ó sì ń pe iná. Ó ṣòro láti sọ pé Èkìtì àti Ígálà, tí wọn kò jọ gbé, dìde ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì sọ "i" di "u" nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé "u" ni àwọn baba ńlá wọn ń pè, àti pé ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́ àti àwọn tí ó bá wọn rìn ni ó yí i padà di "i". Ọmọ tí ó kọ "ulé" sínú ìwé rẹ̀ kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí Èkìtì náà ti yí padà

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Èkìtì ni ó pa gbogbo nǹkan mọ́. Owó ni Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní "owó". Ará Òǹdó ń pè é ní "eghó"; ará Èkìtì ń pè é ní "eó". Ìró "gh" tí ó wà lẹ́nu ará Òǹdó jẹ́ èyí tí a ń fi ẹ̀yìn ahọ́n pè, bí ẹni pé a fẹ́ pe "g" ṣùgbọ́n tí a kò jẹ́ kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ dí pátápátá. Òun náà ni ó wà nínú orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀, tí àwọn ọmọ ìlú náà fúnra wọn ń pè ní "Ọ̀ghọ̀".

Nínú "gh", "w" àti àìsí ìró rárá, èwo ni ó ṣáájú? Ìró tí kò lágbára lè rọ̀ títí yóò fi parẹ́. Ó sì lè ká ètè pọ̀ nítorí "o" tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó di "w". Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti inú òfìfo fa "gh" yọ, tí yóò sì fi í sínú kìkì àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ láìṣìnà? Bákan náà, kì í ṣe gbogbo "w" Ọ̀yọ́ ni ó bá "gh" Òǹdó pàdé, nítorí náà ará Òǹdó kò ní ohun tí ì bá fi mọ èyí tí yóò sọ di "gh" àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ìdájọ́ àwọn onímọ̀ ni pé Òǹdó, Ọ̀wọ̀ àti àwọn ará wọn ni ó pa "gh" mọ́, Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di "w", Èkìtì sì jẹ́ kí ó bọ́ nù. Ní ti "u", Èkìtì ni ẹlẹ́rìí rere. Ní ti "gh", àfi kí a lọ sí Òǹdó. Kò sí ẹ̀ka-èdè kan tí ó jẹ́ ìyá fún àwọn yòókù. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, olúkúlùkù sì ní ohun tí ó jogún tí ó kù sí i lọ́wọ́.

Ọ̀ràn "ọrúkọ"

A wá padà sí "ọrúkọ". Yorùbá àjùmọ̀lò ní "orúkọ", "òtítọ́", "èlùbọ́" àti "odídẹ". Ní Èkìtì, "ọrúkọ", "ọ̀títọ́", "ẹ̀lùbọ́" àti "ọdídẹ" ni a óò gbọ́. Ètò kan ni ó wà lẹ́yìn wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àǹkóò fáwẹ́lì, nítorí pé àwọn fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ kan a máa wọ aṣọ kan náà bí ẹbí tí ó ń ṣe ìnáwó. "E" àti "o" wà ní ẹgbẹ́ kan, "ẹ" àti "ọ" wà ní ẹgbẹ́ kejì. Ìdí nìyí tí a fi ní "ẹsẹ̀" àti "òkè", tí kò sì sí "esẹ̀" tàbí "ọ̀kè".

Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, "i" àti "u" kò bá wọn dá àǹkóò yìí. Bí "u" bá dúró sáàárín, bí ó ti dúró nínú "orúkọ", ó dí ọ̀nà mọ́ "ọ" tí ó wà lẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ fáwẹ́lì àkọ́kọ́. Ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí ènìyàn bá fetí sílẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ pé "u" inú "ọrúkọ" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "u" inú "ulé". Ahọ́n rọ̀ díẹ̀ nínú "ọrúkọ", nítorí "ọ" tí ó tẹ̀ lé e. "I" náà ní irú méjì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ka fáwẹ́lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ní agbègbè yìí, tí ti Yorùbá àjùmọ̀lò sì jẹ́ méje. Gbogbo fáwẹ́lì ni ó wọ àǹkóò ní Èkìtì, ọ̀nà kò sì dí níbì kankan.

Abíọ́dún Adétugbọ̀ ni ó ṣe àlàyé ètò yìí fún gbogbo agbègbè nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó parí ní Yunifásítì Columbia ní New York ní 1967. Ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí ó yẹ̀ wò sí mẹ́ta: ti àríwá-ìwọ̀-oòrùn, tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, ti gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Òǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀, àti ti àárín gbùngbùn, èyí tí í ṣe Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní ti fáwẹ́lì, ó rí i pé ti àárín gbùngbùn ni ó yí padà kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1978, Fẹ́mi Akíńkúgbé gbé iṣẹ́ náà síwájú ní Ìbàdàn, ó fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà láti wá ìró àwọn baba ńlá wọn rí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti tún ìpín náà yẹ̀ wò láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni Èkìtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹnu kan. Ti Mọ̀bà ní àríwá ní ìyàtọ̀ tirẹ̀.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbìyànjú láti ka ọdún. Morris Swadesh ti Amẹ́ríkà dábàá ní àwọn ọdún 1950 pé bí a bá mọ iye ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí èdè méjì ṣì jọ ní, a lè ṣírò ìgbà tí wọ́n pínyà. Robert Armstrong, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lo ọ̀nà yìí fún Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kú ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo, nítorí náà àwọn onímọ̀ kì í gbára lé irú ọdún bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tí ìfiwéra ìró lè sọ dájú ni ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ọdún gan-an ṣòro fún un láti sọ.

Ìdí tí "orúkọ" fi di ti ìwé

Bí Èkìtì bá pa ohun àtijọ́ mọ́ báyìí, kí ni ó dé tí ìwé kò fi gba ẹnu rẹ̀? Ìtàn ni ó fa èyí; ọjọ́ orí tàbí ẹwà èdè kò sí nínú rẹ̀. Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ti kó Crowther ní 1821. Freetown ni ó ti kàwé, Abẹ́òkúta àti Èkó sì ni iṣẹ́ ìjọ C.M.S. ti fìdí múlẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859. Odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ní ọdún 1884 yìí kan náà, àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ ṣì wà lójú ogun Kírìjì pẹ̀lú Ìbàdàn. 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi máa dé ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìwé tí ọmọ yóò kà ti wà ní títẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni a sì ti fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Àrámọ̀kọ́ ni ó kọ ìwé ti 1843 ni, bóyá "ulé" ni gbogbo Yorùbá ì bá máa kọ lónìí.

Èyí kò sọ Yorùbá àjùmọ̀lò di ohun ìkórìíra. Òun ni ó jẹ́ kí ará Ìjurìn àti ará Ṣakí lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ní aṣọ ìgbàlódé: ìwé, ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àkísà tí ó ń fi bí aṣọ àtijọ́ ti rí hàn, ọwọ́ àwọn ẹ̀ka-èdè ni ó wà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Àkísà yìí ni ó sì lè sọnù. Ìyípadà èdè kì í ṣe ohun àná nìkan. Ní 1963, William Labov fi hàn ní erékùṣù kan ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi ẹnu àgbà wé ẹnu ọ̀dọ́ ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà, a lè rí ìyípadà bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Olùkọ́ ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n lè dán irú rẹ̀ wò. Bí ìyá àgbà bá ń sọ "ulé" àti "eó", tí ìyá ń sọ ọ́ nílé ṣùgbọ́n tí ó ń sọ "ilé" àti "owó" lọ́jà, tí ọmọ kò sì mọ̀ ju "ilé" àti "owó" lọ, ìran mẹ́ta péré ni ohun tí ó ti wà láti ìgbà tí Ígálà àti Yorùbá ti jọ ń gbé fi parẹ́.

Iṣẹ́ ìwádìí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì tí a ní kí ó fi èdè abínibí rẹ̀ kàwé yóò tún rí i pé èdè abínibí inú ìwé kì í ṣe èyí tí a fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún gan-an. Bí a kò bá ṣàlàyé ìyẹn fún un, yóò rò pé àṣìṣe ni ilé tí a ti bí i.

Iṣẹ́ náà kò gba owó ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ lọ bá àgbàlagbà kan, kí ó béèrè wọn ní ẹnu ìlú náà, kí ó kọ ọjọ́ orí àti ìlú onítọ̀hún sílẹ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kí ó má sì tún un ṣe. Bí kíláàsì mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú mẹ́wàá, ohun tí onímọ̀ kan ṣoṣo kò lè kó jọ yóò ti wà nílẹ̀. Bí ó bá sì di pé kí olùkọ́ yẹ ìwé ọmọ wò, kí ó fi "orúkọ" rọ́pò "ọrúkọ" gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ti fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ọmọ lè mọ̀ pé lẹ́tà kan ni a fagi lé, a kò fagi lé ẹnu ìyá rẹ̀.